Àwọn Lẹ́tà Rọ̀bọ̀tọ̀ Bàbá Mi

Òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi kẹrosíìnì pò ló máa ń jí mi ní àárọ̀ Sátidé. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á bá mi lórí ẹní, á sì jókòó sí mi nímú bí ẹni tó ń bá wa san owó ilé. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, mo ti mọ̀ pé bàbá mi ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti gbé pákó kan ti ògiri, ó ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ àwọ̀ tó ní nígbà tí wọ́n rà á, ó sì ti ń bá lẹ́tà sọ̀rọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá mi máa ń bá lẹ́tà sọ̀rọ̀ ní tòótọ́. "Jẹun, jẹ àjẹyó," á wí fún B, á sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì bọ́ ọ títí ikùn méjèèjì yóò fi yọ síta. "Ìwọ náà, sún díẹ̀, fún ẹnìkejì rẹ láyè." Bí mo bá jáde tí mo kúnlẹ̀ kí i, á dá mi lóhùn láìwo ẹ̀yìn, á ní kí n wá wò ó bóyá S yìí ti yó àbí ebi ṣì ń pa á. Èmi ni mo máa ń pinnu. Mo máa ń ní ebi ṣì ń pa á, nítorí mo fẹ́ràn kí n máa wo bó ṣe ń bọ́ ọ.

Ní Mafoluku ni à ń gbé nígbà náà, nínú ilé kan tí yàrá kọjú sí yàrá, tí bàálù ń fò kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bà sórí páànù. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu wa tí bàálù dé, a ó dákẹ́ kó kọjá, a ó sì mú ọ̀rọ̀ náà níbi tí a ti já a. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé gbogbo ayé kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ọmọ Ìkìrun ni bàbá mi. Sáìnbọ́ọ̀dù ló ń kọ, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Bàbá Àtíìsì. Irú lẹ́tà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fẹ́ kí lẹ́tà dúró ṣánṣán bí sójà níwájú gómìnà, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá mi kọ̀. Tirẹ̀ sanra, wọ́n nípọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n ń tẹ̀ sósì. Á fi ẹfun pa òwú, á ta á mọ́ pákó kí ìlà lè hàn, á wá kọ lẹ́tà rẹ̀ bí ẹni tí kò rí ìlà kankan. Ọ̀kan á gòkè, èkejì á sọ̀ kalẹ̀, ihò inú O á sì kéré bí ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. A tó bá kọ lónìí kì í jọ A tó kọ lánàá. Fọkanáísà tó wà ní ìkóríta, onígbàjámọ̀, obìnrin tó ń din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ló ní pákó rẹ̀ níwájú ibi iṣẹ́ wọn. Àlejò tó bá ń rìn lọ ní àdúgbò wa á kàn ṣàdédé máa rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì ní mọ ohun tó ń pa òun lẹ́rìn-ín.

Màmá mi, ọmọ Èkìtì, aránṣọ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ àti agolo ọ̀dà jọ ń pín, ìjà tí mo mọ̀ mọ́ àwọn méjèèjì kò sì ju ti ọ̀dà tó ta sí aṣọ oníbàárà lọ. Pákó tirẹ̀ ló dára jù lọ: ÌYÁ MOJÍ ARÁNṢỌ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn kan tó gba inú O kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí lẹ́tà ọkọ rẹ̀ ń jó, kò ní gbé ojú kúrò lórí aṣọ tó ń rán. "Àwọn ló mọ orin tí wọ́n ń gbọ́," á wí, á sì máa wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Inú èmi náà dùn sí lẹ́tà wọ̀nyẹn títí mo fi dé kíláàsì karùn-ún. Ọdún náà ni wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwé kan ní apá Ìsọlọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ẹ́sítéètì Ire-Akari pọ̀ sí, àwọn ọmọ tí ìbọ̀sẹ̀ wọn funfun láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Bàbá mi kọ MOJÍ sí ẹ̀yìn báàgì mi kó má baà sọnù. J náà ká ìrù sókè bí ológbò tó rí ẹja. Mo gbé báàgì náà lọ pẹ̀lú ìyangàn. Kí a tó jáde lọ jẹun ọ̀sán, wọ́n ti ń pè mí ní Mojí Rọ̀bọ̀tọ̀, èmi tí mo rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bísí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní báàgì mi jọ páálí bisikíìtì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń yí orúkọ mi mọ́ra, tí mo ń gbá báàgì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

Báyìí ni ìtìjú ṣe wọlé tọ̀ mí. Kò kan ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé onílé bọ̀ láti ilé ìwé, kí àwọn tí a jọ ń bọ̀ má baà rí pákó fọkanáísà kí wọ́n sì mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ní àárọ̀ Sátidé, bí bàbá mi bá bi mí bóyá S ti yó, mo máa ń ní ó ti yó, kí n lè tètè kúrò níbẹ̀. Ó máa ń wo S náà, á wò mí, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ọdún kan náà yẹn ni onílé wa kú. Bàbá Kọ́lá ni à ń pè é, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó fẹ́ràn láti gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi kó máa bá a yan àwọ̀. Òun nìkan ni onílé tí mo mọ̀ tó gbà kí ayálégbé da ọ̀dà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti yá yàrá ní Mafoluku rí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kọ́lá, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá wa nínú yàrá, pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Ó fẹ́ pákó tí wọ́n máa ń gbé sí ẹnu géètì ní ọjọ́ ìsìnkú, èyí tí yóò fi ilé òkú han àwọn àlejò.

"Bàbá Mojí," ó ní, "ẹ̀yin lẹ máa bá wa kọ ọ́ o. Bàbá ò ní fẹ́ kí ẹlòmíì kọ ti òun."

Mi ò rí i rí kí bàbá mi bẹ̀rù pákó, àfi ìgbà náà. Ọ̀dà dúdú nìkan ló rà, kò fọwọ́ kan pupa, kò fọwọ́ kan yẹ́lò. Ó kọ́kọ́ dán an wò lórí páálí. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tó máa ń wà lára ọkọ̀ tó ń gbé òkú, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó fi kẹrosíìnì nù ún, ó tún kọ ọ́, ó tún nù ún. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò bá lẹ́tà kankan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dìde, ó fi òwú la pákó, ó sì kọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ, ó ń sunkún, ó ń kọ.

Ó DÀÁRỌ̀, BÀBÁ KỌ́LÁ. Dúdú ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n dúdú kò dí wọn lọ́wọ́. B yọ ikùn méjèèjì síta, K gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ bọ́ sí agbo ijó, àwọn O sì la ẹnu. Ìbànújẹ́ bàbá mi wà nínú ọ̀dà yẹn, mo rí i nígbà tó ń bọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rín nìkan ló máa rí. Mo lọ bá màmá mi nídìí ẹ̀rọ.

"Màmá, wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bí bàbá rẹ ṣe mọ̀ ọ́n kọ nìyẹn," ó ní. "Lọ fọ abọ́."

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n gbé pákó náà sẹ́nu géètì. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti tò síta pẹ̀lú aṣọ funfun, àwọn àna sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá kan láàárín àwọn àna ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi áńkáṣífù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹnìkejì rẹ̀ wò ó láti mọ ohun tó ń ṣe é, òun náà rí i, òun náà bá fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ọmọ tó wà nínú akọrin, àwọn kò sì mọ béèyàn ṣe ń bo ẹnu. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu géètì ilé òkú. Bísí wà lára àwọn ọmọ náà. Mi ò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ń lọ. Ó rí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

"Mojí, ṣé bàbá ẹ ló kọ ọ́?"

Gbogbo etí mi gbóná. Mo tẹjú mọ́ gọ́tà.

Bọ̀dá Kọ́lá, àkọ́bí olóògbé, gbọ́ ẹ̀rín náà nínú ilé, ó sì jáde sí wọn nínú kóòtù dúdú. Ó wo pákó náà títí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n láti àná, báyìí ó tún wá pọ́n sí i.

"Bàbá Mojí, kí lèyí?" ó ní. "Ṣé birthday la pè yín sí ni? Bàbá mi ló kú o! Ẹ jọ̀ọ́, please, ẹ gbé e kúrò ńbí." Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí pákó náà, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Bàbá mi bọ́ fìlà. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó wí fún ọmọ tó lè bí. "Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ náà ni."

Bàálù kọjá lókè, kò sì sí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tí yóò mú bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ ba láti gbé pákó náà sórí, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù ú lọ, ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà náà ni màmá mi la àárín èrò kọjá, ó di etí kejì mú. Kò bò ó. Kò yí i. Àwọn méjèèjì gbé e wọlé, ojú lẹ́tà sì kọ síta, wọ́n gba àárín àwọn àna àti àwọn akọrin kọjá. Màmá mi ń kí wọn lọ bó ṣe ń rìn, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kí oníbàárà: "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ó ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan. Èmi ti sá lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì wà títí tí wọ́n fi gbé òkú jáde.

Bàbá mi kò kọ irú lẹ́tà náà mọ́. Kí oṣù tó parí, ó ti ra àwọn lẹ́tà tí wọ́n gé sára páànù, èyí tí èèyàn kàn ń gbé lé pákó tí á sì fi ọ̀dà pa á kọjá. Wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n jọra, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Kò tún bi mí nípa S. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa wá dákẹ́ ní àárọ̀ Sátidé, òórùn ọ̀dà nìkan ló ṣì ń wọlé wá jí mi. Pákó Bàbá Kọ́lá ní tirẹ̀ nípọn, ó sì dára, a kì í sì í ju irú rẹ̀ nù nílé wa. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí irin bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì àwọn òbí mi, wọ́n dojú lẹ́tà délẹ̀. Bí mo bá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti gbálẹ̀, àwọn ni mo máa ń bá lórí mi nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń jó. Mo máa ń gbálẹ̀ kíákíá.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí èmi náà wá ń ṣe lónìí. Bánà ni mo ń tẹ̀, ní Ìsọlọ̀: ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti ìsọjí. Oríṣiríṣi lẹ́tà ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi, mo sì ti lórúkọ láàárín àwọn oníbàárà pé iṣẹ́ mi kì í ṣe ṣákálá. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó fẹ́ ṣí ilé áísìkiríìmù wá bá mi, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Mà, irú lẹ́tà tí mo fẹ́ rèé. Ẹ ò rí i pé ó dà bíi pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́? Ó cute gan-an." Mo wò ó, etí mi sì gbóná bíi ti ọjọ́sí. Ó sanra, ó nípọn lẹ́sẹ̀, ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ sósì, ihò inú O sì kéré bí ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ibì kan ló jókòó ṣe é, tó fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé máa lò ó. Mo lò ó fún obìnrin náà, ó sì yìn mí títí. Mo tẹjú mọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn tó lọ. Gbogbo A inú rẹ̀ jọra bí ọmọ ìbejì, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn náà ni màmá mi kú, ní Okota, nínú ilé mi, lórí bẹ́ẹ̀dì tí a kó wá láti Mafoluku nítorí ó ní ẹ̀yìn òun kò gba òmíràn. Èmi àti Túndé àbúrò mi ń jíròrò bánà nígbà tí bàbá wa dá sí i láti orí àga rẹ̀.

"Èmi ni mo máa kọ ti ìyá yín."

Túndé wo ojú mi. Ọwọ́ bàbá wa ti ń gbọ̀n, ife omi gan-an di ìṣòro fún un. Mo sáré mú fóònù, mo fi lẹ́tà áísìkiríìmù hàn án, mo rò pé màá fi tu ú nínú. Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, irú tiyín ti wà lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Màá fi kọ ọ́ fún yín." Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó pẹ́.

"Ẹni yìí mọ̀ ọ́n kọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò mọ ìyá yín." Ó dá fóònù padà fún mi, ó sì ní kí Túndé lọ gbé mátírẹ́ẹ̀sì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yìn pákó Bàbá Kọ́lá ló kọ ọ́ sí, lójú ibi tí màmá mi sùn lé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n ra pupa, kí n sì ra yẹ́lò. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò jẹ́ kí lẹ́tà kankan dúró, wọ́n wá sanra ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n sì wọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ó DÀÁRỌ̀, ÌYÁ MOJÍ. Ó ya ihò mẹ́rin sínú O kan, ó di bọ́tìnnì, ó sì fa òwú láti inú rẹ̀ yí gbogbo orúkọ ká. "Jẹun, jẹ àjẹyó," mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́lẹ̀. Kò sí S níbẹ̀ tó lè bi mí nípa rẹ̀. Ó bi mí nípa M. Mo ní ebi ṣì ń pa á.

Ọjọ́ ìsìnkú pé, a fi pákó náà ti ògiri lẹ́nu géètì mi, ní òpópónà tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ mí sí ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ ṣákálá. Bàbá wa jókòó sí ìtòsí nínú agbádá dúdú. Mo rò pé mo ti ṣe tán. Ní àkọ́kọ́, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì mi méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀kan kà á, ó dúró, ó wo ilé náà lókè àti nísàlẹ̀. "Ṣé ibí náà ni?" ó ní. "Àbí ọjọ́ ìbí ọmọdé ni wọ́n ń ṣe ńbí?" Èkejì fi pọ́ọ̀sì bo ẹnu. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì.

Ìtìjú bò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ti bí ọmọ, mo ti ṣe ìgbéyàwó wọn, mo ní ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ orúkọ mi, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà yẹn kò tí ì kúrò níbi tó dúró sí. Kí n tó mọ̀, mo ti di etí pákó náà mú, mo ti fẹ́ yí i kọ ògiri, gẹ́gẹ́ bí Bọ̀dá Kọ́lá ti ṣe. Mo gbé e díẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. BÀBÁ KỌ́LÁ wà níbẹ̀, ó ti ṣá, K rẹ̀ ṣì gbé ẹsẹ̀ sókè, gbogbo O rẹ̀ ṣì la ẹnu. Bí mo bá yí i, òun ni yóò máa rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Mojí," bàbá mi pè mí láti orí àga. "Ṣé kò dúró dáadáa ni?"

"Ó dúró, Bàbá."

Mo dá a padà sí bó ṣe wà. Etí mi ṣì ń gbóná, ẹsẹ̀ mi ṣì fẹ́ máa lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ kan tí wọ́n ti wó láti ìgbà pípẹ́. Mi ò fi ọwọ́ sílẹ̀ létí pákó náà, níbi tí màmá mi dì í mú lọ́jọ́sí, mo sì wo ojú àwọn ìyá méjèèjì níkọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàbọ̀ o," mo ní. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Bàbá mi ló kọ ọ́."